Ìyá tí ọ̀rọ̀ àdúrà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́

Ìbéèrè: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. SS ni ọmọkùnrin mi, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, ó ti pé ọdún 16. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ti sùn sí ọsibítù. Mo ti ṣe nófẹ́nà, àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo ti gbààwẹ̀, mo ti ní kí wọ́n fi Mísà bẹ Ọlọ́run fún wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní àwa Àgùdà, àwa ọmọ Ìjọ Kátólíìkì, ò mọ àdúrà gbà, ó ní kí n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan tó ti ríran pé ìyá mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n fi ìjìyà mi rúbọ, kò sì yé mi. Èyí tó wá ń já mi láyà jù ni pé tí mo bá kúnlẹ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi mọ́. Ṣé mo ti sọ ìgbàgbọ́ mi nù ni? Níbo ni ẹni tó bá wà nírú ipò yìí ti ń rí ìrètí?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àìsùn. Ara ọmọ á le. Àdúrà tí mo kọ́kọ́ gbà nìyẹn nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín tán, mi ò sì tíì dákẹ́ rẹ̀.

Kátíkísìtì ni mí. Ọdún 31 rèé tí mo ti ń kọ́ni ní kátíkísìmù, tí mo sì ń tẹ̀ lé Fadá gbé Kọmúníọ̀n lọ fáwọn tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ni mo ti kọ́ ọ ju inú ìwé lọ.

Ẹ̀rù tó ń bà yín ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Ẹni tó sọ ìgbàgbọ́ nù kì í kúnlẹ̀ lálẹ́. Ẹ ṣì ń kúnlẹ̀. Ó ti rẹ̀ yín ni. Ó rẹ ara, ó rẹ ọkàn, ọ̀rọ̀ wá tán lẹ́nu. Ìwé Mímọ́ mọ irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Sáàmù 88. Ọ̀pọ̀ sáàmù tó fi ẹkún bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fi ìyìn parí. Sáàmù 22 tí Jésù fi ké lórí àgbélébùú, pé èé ṣe tí Ọlọ́run òun fi kọ òun sílẹ̀, tí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó yí padà di ọpẹ́. Sáàmù 88 kò yí padà. Inú òkùnkùn ló bẹ̀rẹ̀ sí, inú òkùnkùn náà ló parí sí. Ìjọ kò sì yọ ọ́ kúrò. Òun gan-an ni Ìjọ fi sínú àdúrà tí àwọn fadá àti sísítà ń gbà kí wọ́n tó sùn ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nítorí náà, ní alẹ́ Ẹtì tí ẹ bá jókòó ti ọmọ tí ẹ ò rí nǹkan kan sọ, ẹnì kan wà ní Róòmù, ẹnì kan wà ní Ìbàdàn, ẹnì kan wà ní Brazil, tó ń fi ẹnu tirẹ̀ sọ ọ́ fún yín.

Ẹ rántí ọkùnrin arọ inú Máàkù orí 2, tí àwọn mẹ́rin gbé wá sọ́dọ̀ Jésù. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bá gun òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ tòun ti ẹní rẹ̀. Máàkù kọ ọ́ pé Jésù rí ìgbàgbọ́ *wọn*. Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e. Ọkùnrin tó wà lórí ẹní, kò sọ gbólóhùn kan nínú gbogbo ìtàn yẹn. Mo ti ka orí yẹn fáwọn ọmọdé àìmọye ìgbà kí n tó fojú sí ọ̀rọ̀ kékeré náà, ibi tó sì ti hàn sí mi ni wọ́ọ̀dù.

Ọmọbìnrin kan ni, SS lòun náà, kò ju ọmọ ọdún 12 lọ. Kíráísísì, ìrora líle tí SS máa ń mú wá, ti gbé e láti àárọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin bẹ́ẹ̀dì mú débi pé orí ìka rẹ̀ ti funfun. Omi dírípù ń kán lókè orí rẹ̀, tó, tó, tó. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí kúlà oúnjẹ nítorí kò sí àga. Rosári wé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ pa dé. Mo ní, “Ìyá, ṣé ká gbàdúrà?” Ó mi orí pé òun ò lè ṣe é. Mo bá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, “Mo kí ọ Màríà.” Bí mo ṣe dé ibi “gbàdúrà fún wa”, ẹnì kan dáhùn láti bẹ́ẹ̀dì kejì. Àǹtí kan tó fi híjáàbù borí ni, ọmọ tirẹ̀ lòun náà ń ṣọ́. Kò mọ àdúrà wa. Àmín ló mọ̀. Mo kí ọ Màríà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, èmi ń kà, òun ń ṣe àmín, ìyá ọmọ ń da omijé. Nígbà tó yá, ọmọ náà sùn. Nọ́ọ̀sì ti fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ẹ ò ní gbọ́ kí n sọ pé èmi ni mo fi àdúrà mú un sùn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Bàbá, mo gbàdúrà lánàá.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbà á.

Ohun tí mo ní láti sọ fún yín gan-an nìyẹn, ìyókù kàn tẹ̀ lé e ni. Ìrètí kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ní kí ẹ dá nìkan rù. Bó bá já bọ́ lórí yín, ẹlòmíì á gbé e, títí ọrùn yín á fi tún le.

Ní ti wòlíì yẹn, mi ò ní fepo bọyọ̀. Ẹ má gbé ọmọ lọ. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù náà bèèrè irú ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú. Wọ́n ní ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Ó wà nínú Jòhánù orí 9. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn yẹn pa. SS kì í rìn lóru wá láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá: bí AS méjì, àwọn tó gbé àbùdá náà sára láìní àìsàn ọ̀hún, bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ yín níbẹ̀. Láyé àtijọ́, àbíkú la máa ń pe ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún fi abẹ kọ wọ́n lára kí wọ́n má baà padà wá. Ó dùn mí pé ọ̀rúndún kọkànlélógún la wà, tí ẹnì kan tún ń fi orúkọ Jésù pe ìyá àgbà ní olórí burúkú. Màmá yín ń sunkún ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí ẹ ti ń sun ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba òun náà lọ́wọ́ yín.

Ọsibítù àti ìgbàgbọ́ kì í bára wọn jà. Nínú Bíbélì tiwa, ìwé kan wà tó ń jẹ́ Síráákì. Orí 38 rẹ̀ ní ká bọlá fún oníṣègùn, nítorí Ọlọ́run ló dá a, àti pé láti inú ilẹ̀ ni Olúwa ti mú oògùn jáde. Ó ní kí aláìsàn gbàdúrà, kó sì tún fi àyè sílẹ̀ fún oníṣègùn. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kílíńìkì rẹ̀ lọ, kó máa mu omi dáadáa, kó máa lo oògùn tí dókítà kọ fún un. Ẹni tó bá ní kó jù ú nù, kì í ṣe Jésù ló rán an.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìtàn Josephine Bakhita fún yín, nítorí òun ló la ìrètí yé mi. Agbègbè Dárúfò ní ilẹ̀ Sudan ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1869. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí àwọn ajínigbé fi gbé e. Jìnnìjìnnì yẹn pọ̀ débi pé ó gbàgbé orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó jí i ló fún un ní Bakhita. “Olóríire” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Lárúbáwá. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Nílé ọ̀gágun Tọ́kì kan, wọ́n pe obìnrin kan wá láti kọ ọ́ lára. Obìnrin náà fi ìyẹ̀fun ya ìlà sí i lára, ó fi abẹ tọ ojú ìlà náà, ó wá ń fi iyọ̀ ra ojú ọgbẹ́ kí àpá rẹ̀ má baà parẹ́. Àpá 114 ni.

Ní 1883, aṣojú ìjọba Ítálì ní Kàtúùmù rà á, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò nà án. Ọdún 1885 ló bá a dé Ítálì. Ìdílé tó wá ń sìn fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Sísítà Canossa ní Venice, ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa Jésù. Nígbà tí ìyá ilé yẹn fẹ́ mú un padà sí Áfíríkà, ó ní òun ò lọ. Ọ̀rọ̀ délé ẹjọ́, ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá 1889, ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1890 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un.

Ní 2007, nígbà tí Póòpù Benedict kẹrìndínlógún ń kọ lẹ́tà sí gbogbo Ìjọ lórí ìrètí, Bakhita ló kọ́kọ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní kí Bakhita tó mọ Jésù, ìrètí tó ní kò ju pé kí olówó rẹ̀ tó kàn má rorò tó ti àkọ́kọ́. Èdè wa ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí a mọ ohun tí ẹrú ń sọ tó bá ní “olówó mi”. Bakhita wá gbọ́ pé Olówó kan wà tó ga ju gbogbo olówó, pé òun náà ni wọ́n nà ní pàṣán, pé ó mọ òun, ó fẹ́ràn òun, ó sì ń retí òun. Ẹ tún un kà, ìyá wa. A máa ń rò pé àwa la ń retí Ọlọ́run. Bakhita rí i pé Ọlọ́run ló ń retí òun, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Láti ìgbà yẹn lọ, ó lè sọ pé ayé òun dára, tòun ti àpá 114 lára.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ìrora kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bọ́ṣọ. Nínú àìsàn tó gbẹ̀yìn rẹ̀, nílùú Schio ní Ítálì, ọkàn rẹ̀ padà sínú ẹrú. Ó ń bẹ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó bá òun dẹ ṣẹ́ẹ̀nì ẹsẹ̀ òun, ó wúwo. Ọdún 57 lẹ́yìn ìrìbọmi rẹ̀ nìyẹn. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kejì 1947, orúkọ Ìyá Jésù ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ní ọdún 2000, Póòpù John Paul kejì kéde rẹ̀ ní Ẹni Mímọ́. Ẹni Mímọ́ ni, ṣẹ́ẹ̀nì sì ń wúwo fún un lórí ibùsùn ikú. Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà ní agogo méjì òru, kí ló dé tí ẹ fi rò pé ẹ̀rù yẹn ti yọ yín kúrò láàárín àwọn onígbàgbọ́?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ní Àgùdà ò mọ àdúrà gbà. Ẹ bá mi sọ fún un, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé kó wádìí orúkọ yẹn. Àwọn tí Èkó kọ́kọ́ pè ní Àgùdà, àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni wọ́n, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n bọ́ nínú ẹrú tí wọ́n wọkọ̀ padà wálé. Kí fadá kankan tó jókòó sí Èkó, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tóun náà ti ṣẹrú rí, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Nígbà tí Fadá Borghero dé ní 1863, ó bá àwọn tó ti ń ka rosári nílẹ̀. Àwọn tó mọ ẹ̀wọ̀n ló gbé ìgbàgbọ́ yìí wá fún wa. Ní Ọ̀wọ̀ náà, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn agbébọn pa nǹkan bí 40 èèyàn nínú Mísà ní ṣọ́ọ̀ṣì St Francis. Àlàyé wo lèèyàn fẹ́ ṣe fún wọn? Àwọn tó kù tún padà lọ síbi Mísà, wọ́n tún kúnlẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ “fi ìjìyà rúbọ”. Mo mọ ẹni tó máa ń sọ ọ́, inú rere ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kì í jù ú sí aláìsàn lójú bí òkúta. Ẹ wo Fadá dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Nígbà tó bá da wáìnì sínú ife, kó tó gbé e sókè, ẹ ó rí i pé ó mú omi, ó kán díẹ̀ péré sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i, orin ọrẹ ni wọ́n ń kọ nígbà yẹn. Omi yẹn, àwa ni. Tó bá ti kán sí wáìnì, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ mọ́. Nígbà tí Fadá bá wá ní kí wáìnì yẹn di Ẹ̀jẹ̀ Kristi, omi yẹn náà wà nínú rẹ̀. Ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ nìyẹn nínú Kólósè orí 1 ẹsẹ 24, pé òun ń fi ara òun kún ìjìyà Kristi nítorí Ìjọ. Kì í ṣe pé ti Kristi kò tó. Ó fi àyè sílẹ̀ fún wa nínú tirẹ̀ ni. Nítorí náà, kò pọn dandan kí ẹ wá ọ̀rọ̀ ńlá. Nígbà tí omi yẹn bá ń kán, ẹ sọ nínú yín pé, “Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mi ò rí oorun sùn nìyẹn.” Ó tán.

Fífi rúbọ kò sì ní kí ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn mọ́. Jésù pàápàá bẹ̀bẹ̀ nígbà mẹ́ta nínú ọgbà pé kí ife yẹn ré òun kọjá. Ẹ máa bẹ̀bẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ pe Fadá yín kó wá fi òróró yan ọmọ. Mo mọ̀ pé àyà yín á já. Àwọn àgbà wa máa ń pè é ní òróró ìkẹyìn, tí Fadá bá sì ti gbé e wọlé, wọ́n á ti máa wá aṣọ dúdú. Èrò yẹn ti pa ọ̀pọ̀ aláìsàn lára, wọ́n kú láìgbà á nítorí pé àwọn ará ilé ò fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n. Láti 1963 ni Àpérò Vatican kejì, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé, ti là á mọ́lẹ̀ pé òróró àwọn aláìsàn ló yẹ kí wọ́n máa pè é, kì í ṣe ti ẹni tó ń kú lọ nìkan. Jákọ́bù orí 5 ló ti wá: bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn láàárín yín, kó pe àwọn àgbà Ìjọ. Èèyàn lè tún un gbà, bí àìsàn bá tún le sí i. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí ara ọmọ bá mókun díẹ̀, tó lè jókòó, tó lè dáhùn. Iwájú orí ni wọ́n ń fi í sí, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Mo máa ń wo ọwọ́ wọn lásìkò yẹn. Ọwọ́ tó ti ń di irin bẹ́ẹ̀dì mú láti àná ló máa ń là fún òróró.

Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè kí ẹ tó pe Fadá. Ọmọ ọdún 16 ti kúrò lẹ́ni tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ṣeé ṣe kó ní ìbéèrè tirẹ̀ tí kò tíì sọ fún yín nítorí pé ó rí i bí ẹ ti ń rù. Bó bá ní òun ń bínú sí Ọlọ́run, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ fi Sáàmù 88 hàn án.

Nófẹ́nà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi rosári sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ẹ sùn. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, àwa mẹ́fà la máa ń pàdé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti ka rosári fáwọn aláìsàn, orúkọ la fi ń pe wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún ọmọ nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí Ẹtì tó dé.